Ẹ̀kọ́ Etí Nínú Orin Ìjọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará àti àwọn àlejò sọ ní Aládé, Ìdànrè, nígbà àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ

 

Àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú wa ti ròyìn àwọn tí ó ru òkúta ìpìlẹ̀, àti àwọn tí ó fi owó kòkó kan páànù sí orí ilé Ọlọ́run. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kọrin nínú ilé náà pẹ̀lú, ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ orin ọ̀hún kì í sì í pẹ́ sọnù, nítorí a kì í gbẹ́ ẹ sí ara ògiri. Nítorí náà ni a fi tọrọ ààyè láti sọ̀rọ̀ lórí etí.

Nínú ìwé Kíróníkà kìn-ín-ní, orí 25, a kà pé àwọn akọrin tí Dáfídì yà sọ́tọ̀ jẹ́ 288, a sì sọ fún wa pé a ti kọ́ wọn ní orin Olúwa. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìwé náà kò sọ fún wa bí ohùn wọn ti dùn tó. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé a kọ́ wọn. Ní orí 15 ìwé kan náà, Kenaniah ni a fi ṣe olórí orin, ìdí tí a sì fi fún un ní ipò náà ni pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá wí fún wa pé ẹ̀bùn àbímọ́ni nìkan ni orin, kí ó padà lọ ka orí méjèèjì yìí.

Ẹ̀kọ́ tí a ní lọ́kàn ni èyí: kí ènìyàn gbọ́ ohùn méjì, yálà wọ́n tẹ̀lé ara wọn tàbí wọ́n dún pọ̀, kí ó sì lè sọ bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn ti tó, kí ó sì rí wọn lórí ìwé, kí ó lè mú wọn jáde ní ẹnu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ dùùrù fún un. Ẹ lè bi ara yín léèrè, ẹ̀yin akọrin, iye nínú yín tí ó lè ṣe é lónìí. A ó padà sí orí ọ̀rọ̀ náà.

Sol-fa ni ọ̀nà tí àwọn míṣọ́nnárì gbà kọ́ àwọn bàbá wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ọ̀dọ̀ àwọn olórin ńláńlá ní Yúróòpù ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé ni a ti bí i. Obìnrin kan ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin, ni ó ṣe ètò rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1835, kí gbogbo ìjọ lè máa kọ Sáàmù, kí ó má jẹ́ iṣẹ́ àwọn díẹ̀ tí ó mọ ìwé orin. Ní 1841 a gbé iṣẹ́ lé John Curwen lọ́wọ́, ọ̀dọ́ àlùfáà kan, pé kí ó wá ọ̀nà tí ó rọrùn jùlọ láti kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní orin. Ó rí ìwé ìyá yìí, ó tún un ṣe, ó sì tàn án ká títí ó fi kú ní 1880. Ìjọ Congregational ni Curwen wà, kì í ṣe ọmọ Áńgílíkà; a sọ èyí fún àwọn tí wọ́n máa ń bèèrè ìjọ tí olùkọ́ ń lọ kí wọ́n tó gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn orúkọ ohùn náà sì ti pẹ́ ju àwọn méjèèjì lọ. Guido, ọkùnrin ẹlẹ́sìn kan ní Arezzo ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó fa púpọ̀ nínú wọn yọ láti inú orin Látìnì kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ìdí tí sol-fa fi ráyè ní Áfíríkà kò ṣòro láti mọ̀. Kò fẹ́ ìlà márùn-ún tàbí àmì àrà ọ̀tọ̀. Lẹ́tà lásán ni, ilé ìtẹ̀wé kékeré kankan lè tẹ̀ ẹ́, ọmọdé sì lè kọ ọ́ sí orí síléètì. Ní 1897, Enoch Sontonga, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n kan ní Gúúsù Áfíríkà, fi sol-fa kọ orin àdúrà tí a ń pè ní Nkosi Sikelel' iAfrika. Orin náà wà nínú orin orílẹ̀-èdè wọn lónìí. Àwọn kan tí wọ́n ti mọ ìlà márùn-ún máa ń fojú kéré sol-fa, wọ́n ní ti ọmọdé ni. Ìlà márùn-ún dára, ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú ni ó ń fi bí ohùn ti ga tó hàn. Etí ni sol-fa ń bá sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo ohùn tí ó bá dárúkọ, ó ti sọ ibi tí ilé wà fún wa, èyí tí í ṣe doh.

Níhìn-ín ni a bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí ó máa ń da àwọn olùkọ́ wa láàmú. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn èdè Yorùbá, a máa ń wí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ohùn àárín ni re, ohùn òkè ni mí. Igbá jẹ́ re mí, ìgbà jẹ́ dò dò. Ẹ̀kọ́ rere ni. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ti kíyè sí àwọn ohùn wọ̀nyí, ó sì fi àmì sí wọn nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1852. Ọmọ tí ó lè ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ọkọ́ kí ó tó pé ọdún mẹ́ta, etí rẹ̀ kò di. Ó ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ tí à ń sọ yìí lórí itan ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdajì ni. Dò-re-mí ti èdè àti doh-ray-me ti orin dà bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tí ó bá pe ọ̀kan, èkejì lè dáhùn. Ẹ sọ gbólóhùn kékeré yìí jẹ́jẹ́: Bọ́lá pàdé Bùkọ́lá. Ẹ wá fi “lá” tí ó wà nínú orúkọ kìn-ín-ní wé “lá” tí ó wà nínú orúkọ kejì. Àmì ohùn òkè ni ó wà lórí àwọn méjèèjì, síbẹ̀ èyí tí ó kẹ́yìn ti rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ wa máa ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́, nítorí nínú ọ̀rọ̀ sísọ, aládùúgbò ni etí fi ń wọn ohùn kọ̀ọ̀kan: ó ga ju èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí ó rẹlẹ̀ jù ú. Ti orin kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti fi doh lélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, a kò gbọ́dọ̀ rí i kí ó yẹ̀ títí a ó fi ṣe Àmín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ń sọ fún wa pé ẹnìkan gun òkè lọ. Àlàfo ohùn ni ó ń sọ ìwọ̀n àtẹ̀gùn tí ó gùn. Ọmọ tí a kò bá fi ìyàtọ̀ yìí hàn yóò máa mọ ìgbà tí orin gòkè àti ìgbà tí ó sọ̀kalẹ̀, yóò sì máa fi ojú wọn bí ó ti jìnnà tó, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń ra aṣọ láìsí ọ̀pá ìwọ̀n.

Kíkà àlàfo kò yẹ kí ó ṣòro fún wa rárá. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń bi wá pé, “Láti doh dé me, ìṣísẹ̀ méjì ni, èéṣe tí a fi ń pè é ní ẹlẹ́ẹ̀ta?” Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn bàbá wa ń ka ọjọ́. Òní, àná, ìjẹta: ẹ̀ta wà nínú orúkọ ìjẹta nítorí pé a ka òní mọ́ ọn. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi ń yípo, ṣùgbọ́n a ń ka ọjọ́ ọjà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, a sì pè é ní àrún. Ìtàdógún pàápàá, ọjọ́ 16 ni ìyípo rẹ̀. Nítorí náà, láti doh dé soh jẹ́ àrún. Láti doh dé me jẹ́ ẹ̀ta, láti me dé soh jẹ́ ẹ̀ta. Bí a bá so ẹ̀ta méjèèjì pọ̀, àrún ni a ó rí, nítorí a ka me lẹ́ẹ̀méjì. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti há a sórí. Ìyá arúgbó tí ó ń ná ọjà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ní jìtá nílé lè fi ojú rí i pẹ̀lú: bí a bá tẹ okùn ní àárín gan-an, doh ti òkè ni ìdajì tí ó kù yóò dún, bí a bá fi ìdá méjì nínú mẹ́ta okùn sílẹ̀, soh ni yóò dún.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ohun tí ó kàn wá jùlọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ẹnìkan bá dá orin, ohùn kan náà ni gbogbo àwọn elégbè yóò gbà. Láti Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì títí dé Òǹdó, kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yóò gba òkè, àwọn kan yóò gba ìsàlẹ̀, wọn yóò sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní àlàfo ẹlẹ́ẹ̀ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí orin ilẹ̀ Yorùbá ti kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ará Aládé kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí ibi ìnáwó òkú àgbà, tàbí kí ẹ dúró sí ẹ̀yìn àwọn obìnrin tí ó ń gba ìyàwó wọlé. Àwọn ìyá tí wọn kò kọ́ A, B, D rí ni ó ń kó àwọn ẹ̀ta wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kan kò sì ní já. Kò sí ẹni tí ó sọ orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn rí.

Dókítà T. K. Ekundayo Phillips, ẹni tí ó ṣe olórí orin ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Nínú rẹ̀ ó kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ń bí orin Yorùbá, àti pé ohùn márùn-ún ni orin wa dúró lé, láìsí ìdajì ìṣísẹ̀ nínú rẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún baba náà gidigidi. Fela Sowande pàápàá kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ pé orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn èdè, kò sí ẹni tí ó lè já a ní koro. Lórí ohùn márùn-ún, òfin rẹ̀ bá púpọ̀ nínú orin Èkó, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ mu. Ní ìhà tiwa, ó ku díẹ̀ kí ó kárí, nítorí ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀ta rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin yóò máa tẹ àwọn ohùn tí ó kù.

Wàyí o, ẹ̀ta jẹ́ oríṣi méjì. Láti doh dé me tóbi. Láti ray dé fah kéré sí i pẹ̀lú ìdajì ìṣísẹ̀. Fah sí lah àti soh sí te jẹ́ ńlá. Me sí soh, lah sí doh òkè, àti te sí ray òkè jẹ́ kékeré. Àwọn ìyá wa ń pààrọ̀ ńlá àti kékeré láìmọ̀ pé wọ́n ń pààrọ̀. Èyí ni a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. A ó mú méjì nínú wọn, a ó ní kí ọ̀kan di doh mú, kí èkejì gba me. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ gun ìṣísẹ̀ kan sí ray àti fah. A ó wá bi àwọn tí ó jókòó pé, “Kí ni ó yí padà?” Àwọn kan á ní ó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀, àwọn kan á ní ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ sọkún. Kò pọn dandan kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó yí padà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ìjọ pọ̀ sí ni ìdajì ìṣísẹ̀, èyí tí ó wà láàárín me àti fah, àti láàárín te àti doh. Ẹ mú Old Hundredth, ohùn àtijọ́ tí a ti ń kọ láti 1551 ní Geneva. Doh, doh, te ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Láti doh sí te, ìdajì péré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìjọ máa ń tóbi ju àtẹ̀gùn lọ: a ó sọ̀kalẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, te á rọ̀, lah tí ó tẹ̀lé e á rọ̀, nígbà tí a bá sì fi máa dé ìlà kẹrin, ìjọ ti wà ní kòtò, dùùrù sì wà ní orí òkè. Wọn a wá máa wí pé dùùrù ni ó bàjẹ́.

Curwen fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, kí etí lè dá a mọ̀ bí a ti ń dá ojú ènìyàn mọ̀. Doh lágbára, me fara balẹ̀, soh ń tàn, lah ń káàánú. Te kì í lè jókòó. Ó dà bí ẹni tí ó gbọ́ pé a ń pè é nílé, ojú ọ̀nà doh ni ó ń wò. Fah tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó fẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ me. Ó tún fi ọwọ́ ṣe àmì fún wọn: doh ni ìkúùkù, me ni ọwọ́ tí a tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, te ni ìka tí ó tọ́ka sí òkè. Zoltán Kodály mú àwọn àmì wọ̀nyí lò ní ilẹ̀ Hungary lẹ́yìn náà, àwọn kan sì ń mú wọn padà wá fún wa lónìí bí ohun tuntun.

Ètò tí Curwen fi ń kọ́ni ni a tẹ̀lé títí di òní, a kò sì rí èyí tí ó sàn jù ú. Kò bẹ̀rẹ̀ láti doh, ray, me, fah ní tò-tò-tò. Doh, me, soh ni ó kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Lẹ́yìn náà te àti ray. Fah àti lah ni ó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Àtẹ̀gùn náà ju 600 lọ, kò sì sí ẹni tí ó ń fi ìye mọ ibi tí ó dé; ibi ìsinmi ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Doh, me àti soh ni ibi ìsinmi nínú orin. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n dáradára, bí ó bá ṣìnà sí fah tàbí sí lah, yóò mọ ibi tí yóò gbà padà.

A máa ń fi orin tí ìjọ ti mọ̀ ṣe èèkàn. Nicaea, ohùn tí Dykes kọ ní 1861 fún orin Mímọ́ onígbà mẹ́ta, gun doh, me, soh ní ìṣísẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n mẹ́ta, ohùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀méjì. Ó sì bọ́ sí i fún wa pé ọ̀rọ̀ náà ní ohùn òkè méjì tí ó dọ́gba. St. Anne bọ́ láti soh sí me, ó sì fò láti me sí lah: ẹ̀ta kékeré àti ẹ̀rin nìyẹn. Adeste Fideles lọ láti doh sí soh ìsàlẹ̀, ẹ̀rin ni òun náà. Antioch, tí a ń kọ ní Kérésìmesì, sọ àkàbà kalẹ̀ láti doh òkè dé doh ìsàlẹ̀ láìfo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ kan ti sọ èèkàn di gbogbo ilé. Wọ́n ń kọ́ ọmọ pé àlàfo báyìí ni orin báyìí, kò sì tán. Bí ọmọ náà bá pàdé ẹ̀rin ní àárín áńtẹ̀mù, yóò ní láti dúró rántí Kérésìmesì kí ó tó kọjá. Ẹ̀rin tí ó ti soh bọ̀ wá sí doh kò sì jọ èyí tí ó ti me lọ sí lah ní etí, bí ìwọ̀n wọn tilẹ̀ dọ́gba, nítorí ọ̀kan ti dé ilé, èkejì ṣì wà ní ìta. Ẹni tí ó bá fi igi kan ṣoṣo mọ ọ̀nà oko, ọjọ́ tí a bá gé igi náà ni yóò sùn sínú igbó.

Àdánwò tí ó dára jùlọ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí àwọn ọmọ kọ doh, ray, me, fah, soh ketekete. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ doh, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n fi inú kọ ray, me, fah, kí wọ́n sì la ẹnu pọ̀ lórí soh. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, soh márùn-ún ni ẹ ó gbọ́ láti ẹnu ọmọ márùn-ún. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta, ẹyọ kan ni ẹ ó gbọ́.

Ẹ̀yin àlùfáà lè bi wá pé kí ni èyí fi kan ìwàásù. Ó kàn án. Orin tí a tú láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú èyí tí a ń kọ, ohùn rẹ̀ kò sì mọ èdè wa. Bí ohùn orin bá gòkè lórí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ́ ni ìjọ ń pe. Ìwàásù lórí ìràpadà á sì di ìwàásù lórí ohun tí a jẹ́jẹ̀ẹ́. Ọ̀gá akọrin tí etí rẹ̀ là kò ní láti ju orin náà nù. Ohùn tí ó bá ìwọ̀n ẹsẹ kan náà mu pọ̀ nínú ìwé ohùn orin. Yóò wo èyí tí ó sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, yóò mú un. Kánọ́nù J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó kọ orin rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ́nù ní 1922, gba ọ̀nà mìíràn: ó jẹ́ kí orin ti inú ọ̀rọ̀ jáde. Àwọn méjèèjì fẹ́ etí tí ó mọ bí àlàfo ti tó.

A wí pé a ó padà sí orí àwọn akọrin. Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n, àtẹ àkàbà ohùn wà ní ara ògiri, olùkọ́ ń fi pàṣán tọ́ka sí i láràárọ̀, àwa sì ń kọ ohun tí ó bá tọ́ka sí. Ní àwọn ọdún 1970 ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjọ, àtẹ náà sì kúrò lára ògiri. Kí a má purọ́, ní ibòmíràn ó ti kúrò ṣáájú àkókò náà. Lónìí, ọ̀gá akọrin ń kọ ohùn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, ó ń fi í ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń há a sórí lójú ọ̀nà oko. A kò kórìíra rẹ̀. Àwọn bàbá wa tí kò mọ̀wé náà ń há orin sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń há a sórí kò lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ fún un. Bí ẹni tí ó máa ń fa áltò bá rin ìrìn-àjò, gbogbo áltò á sá lọ bá sopránò. Bí iná mànàmáná bá lọ, dùùrù á dákẹ́, orin á sì yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Dùùrù ìgbàlódé tún ní bọ́tìnnì kan tí a ń tẹ̀ kí ó lè tẹ̀lé ìjọ lọ síbikíbi tí ìjọ bá ṣubú sí. Èyí kò ran etí lọ́wọ́ rárá.

Àpótí kan wà ní yàrá ìmúra wa. Àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ó tẹ dùùrù fún ìjọ yìí rí ni ó fi ọwọ́ kọ àwọn ìwé inú rẹ̀, ní sol-fa ohùn mẹ́rin: orin ìkórè, orin ìsìnkú, Sáàmù tí wọ́n fún ní ohùn tuntun. Púpọ̀ nínú wọn, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ ní ibòmíràn, a kò sì gbà wọ́n sínú ẹ̀rọ kankan. Ìkán ti jẹ díẹ̀ lára wọn. Àwọn tí ó lè ṣí wọn kí wọ́n sì kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ láìfi dùùrù wá a, ìka ọwọ́ kan tó láti kà wọ́n nínú ìjọ yìí, gbogbo wọn sì ni orí wọn ti funfun. Lẹ́yìn wa, lẹ́tà lásán ni wọn yóò jẹ́: d, s, l, m, bí ìwé tí a kọ ní èdè tí kò sí ẹni tí ó ń sọ ọ́ mọ́.

A gbọ́ pé ìgbìmọ̀ àjọ̀dún fẹ́ ra dùùrù tuntun. Kí wọ́n rà á. A ó dáwó tiwa. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí wọ́n fún wa ní wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀ kí akọrin tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, kí a sì ti dùùrù pa títí wákàtí náà yóò fi pé. Vicar ti gbà, àtẹ àkàbà tuntun sì ti wà ní ara ògiri yàrá ìmúra. Ọjọ́bọ̀ ni, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àgbà àti ọmọdé ni a ń pè, àwọn ìyá tí kò mọ̀wé pẹ̀lú, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni a ó ti lọ gba ẹ̀ta.

Ìwé àkọ́kọ́ tí a ó mú jáde nínú àpótí ni orin ìkórè kan tí ìkán kò tí ì fọwọ́ kàn. Báàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti doh, ó bọ́ sí soh ìsàlẹ̀, ó gun lah, ó padà sí me ìsàlẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀ fún ìlù mẹ́rin. A ó fún yín ní doh nìkan.